Amọ̀ Tí Wọn Ò Dá Padà Sínú Iná

Ọkùnrin kan wà ní abúlé àwọn àgbẹ̀ oníkòkó, tí baba rẹ̀ fi kànga kan sílẹ̀ fún. Kì í ṣe pé baba náà kò ní oko tàbí ilé. Ó ní wọn, ó sì pín wọn fún àwọn ọmọ yòókù. Kànga ló fún àkọ́bí. Àwọn àbúrò fi í rẹ́rìn-ín títí pé omi ni ẹ̀gbọ́n àwọn jogún, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò bínú. Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa jí ní abúlé náà tí kò ní wá kí òun kó tó bọ́jú. Òun ló ń tún etí kànga náà ṣe, òun ló ń pààrọ̀ okùn rẹ̀, kì í sì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá Ẹniìtàn ni wọ́n ń pè é, nítorí pé Ẹniìtàn ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún òun àti ìyàwó rẹ̀.

Lẹ́yìn abúlé náà, ilé kan wà tí àwọn bàbá wọn ń kó oògùn kòkó sí láyé àtijọ́, èyí tí wọ́n ń fín sára igi kí kòkòrò má baà jẹ èso rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn agolo náà dípẹtà, oògùn inú wọn sì ti pẹ́ jù. Àwọn àgbà bá gbẹ́ kòtò, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí i, wọ́n wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Wọn kò ṣe é ní ìkà. Ohun tó bá ti kú, sísin là ń sin ín, ilẹ̀ á sì jẹ ẹ́. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé oògùn yẹn kì í jẹrà. Àwọn tó sin ín ti kú, ilẹ̀ ti jẹ àwọn fúnra wọn, oògùn ṣì wà níbẹ̀, ó ń fà lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ títí ó fi dé ibi tí omi wà.

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò lọ́tàá náà ni kì í fi í yan ẹni tó máa gbà lálejò.

Omi kànga náà mọ́ gaara. Kò rùn, kò korò. Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ oyún nù. Lẹ́yìn náà ni orí ń fọ́ àwọn èèyàn, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bí wọ́n bá gbé ife. Wọ́n ní ibà ni. Wọ́n ní oòrùn ni. Àwọn kan tiẹ̀ ní iṣu tuntun tí wọ́n jẹ ni. Kò sí ẹni tó wo ojú kànga, nítorí pé ta ni í fura sí ẹni tó ń fún un lómi?

Obìnrin kan wà ní ìlú tó súnmọ́ abúlé náà. Olùkọ́ ni nílé-ìwé gíga, ọ̀rọ̀ omi àti ilẹ̀ ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó gbọ́ nípa àwọn ewúrẹ́ náà, ó wá, ó bu omi sínú ìgò, ó sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tó padà dé, kò lọ pe àpéjọ. Ilé Bàbá Ẹniìtàn ló kọ́kọ́ lọ, nítorí pé òun ló ni kànga. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó, ó sì sọ ọ́ fún un wẹ́rẹ́ pé oògùn kòkó àtijọ́ ti wọnú omi.

Ọkùnrin náà yíjú wo kànga. Ó ní, “Ṣé ká máa sè é ni?”

“Sísè ń pa ohun tó bá ní ẹ̀mí, bàbá. Èyí kò ní ẹ̀mí tí a lè pa.”

“Álọ́ọ̀mù ńkọ́?”

“Álọ́ọ̀mù ń mú ẹrẹ̀ wálẹ̀ ni. Èyí kì í ṣe ẹrẹ̀.”

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé baba rẹ̀ jalè.

Nígbà yẹn, Ẹniìtàn ti wà nílé ọkọ ní ìlú, ó sì lóyún. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì wá fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àna rẹ̀, kò sì dìde.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹniìtàn kò ní lè wá bímọ síbí mọ́. Ọmọ tó ń bọ̀ náà, mi ò lè jẹ́ kó mu omi yìí.”

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bá ẹni tó dọ̀bálẹ̀ jà? Bàbá Ẹniìtàn ní kó dìde, ó ní òun gbọ́. Nígbà tí ọmọ dé, ìyàwó rẹ̀ palẹ̀ mọ́, ó lọ sí ìlú láti lọ máa wẹ ọmọ. Bàbá nìkan ló ṣẹ́kù sílé, òun àti kànga tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ wò mọ́. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé: kí ọmọ Ẹniìtàn wá sílé òun, kó mu omi kànga, kí ohunkóhun má ṣe é.

Ibo ni wọ́n tún fẹ́ ti rí omi? Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga mìíràn, ilẹ̀ kan náà ni. Omi òjò kì í dúró di ẹ̀ẹ̀rùn. Odò jìnnà. Àwọn kan ti ń sọ pé kí àwọn kó kúrò ní abúlé náà pátápátá.

Tíṣà kò sọ ọ̀rọ̀ náà kó wá ká ọwọ́ gbera. Ó béèrè pé, “Ta ló ń mọ ìkòkò ní agbègbè yìí?” Wọ́n mú un lọ bá ìyá amọ̀kòkò kan lẹ́bàá ipadò. Àwọn obìnrin méjèèjì jókòó ti amọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Tíṣà mọ̀ pé amọ̀ a máa di irú oró bẹ́ẹ̀ mú, ṣùgbọ́n agbára amọ̀ lásán kò tó. Ó ní bí àwọn bá po nǹkan mọ́ ọn tó máa jóná nínú rẹ̀, tí yóò sì fi èédú àti àwọn ihò kéékèèké tí ojú kò lè rí sílẹ̀, amọ̀ náà á di oró mú dáadáa. Ohun tó yàn ni kóró ìbẹ́pẹ, èyí tí gbogbo wa ń dà sí ààtàn. Wọ́n ní kí olúkúlùkù máa kó kóró ìbẹ́pẹ tirẹ̀ wá. Abúlé náà jẹ ìbẹ́pẹ láàárọ̀, wọ́n jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n fi ṣe oúnjẹ alẹ́, títí ojú wọn kò fi fẹ́ rí ìbẹ́pẹ mọ́.

Àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe kò dára. Wọ́n sá a, wọ́n fi iná díẹ̀ yá a, wọ́n da omi sí i, omi náà sì jáde bí ògì. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí tíṣà fi ṣúgà sí i. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ìyá amọ̀kòkò wo ẹrẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní iná kò tíì dé inú rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n po amọ̀ àti kóró ìbẹ́pẹ, wọ́n fọ́ ọ wẹ́wẹ́ bí hóró àgbàdo, wọ́n dé e mọ́ inú ìkòkò kí atẹ́gùn má baà ráyè wọ̀ ọ́, wọ́n sì kó o sínú iná tó gbóná gan-an. Èyí kò di ẹrẹ̀ mọ́. Wọ́n rọ ọ́ kún ajere ńlá, ìyẹn ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, wọ́n gbé ajere náà lé orí àmù, wọ́n sì da omi kànga sí i lókè. Omi ń kán sínú àmù tó, tó, tó. Tíṣà bù ú lọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Oró kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹ wo ayọ̀! Bàbá Ẹniìtàn bu ife kan, ó mu ún, ó tún bu òmíràn. Gbogbo ilé ló wá mọ ajere tirẹ̀, nítorí pé amọ̀ wà nílẹ̀, ìbẹ́pẹ sì wà lẹ́yìn ilé.

Tíṣà kó wọn jọ kó tó lọ. Ó ní, “Ẹ gbọ́ o. Amọ̀ yìí kò pa oró náà. Ó kàn ń dì í mú ni. Ọwọ́ rẹ̀ sì máa kún. Bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ kó amọ̀ náà jáde, ẹ dá a padà sínú iná. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì rọ̀, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Iná ló máa jó ohun tó ti dì mú. Lẹ́yìn náà, á tún lè ṣiṣẹ́.” Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́. Àti gbọ́ kò nira fún ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àmù ní abúlé yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Wọn kò ka àmù tuntun sí nǹkan gidi. Wọ́n gbà pé àmù kì í darúgbó, pé bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni omi rẹ̀ ń tutù sí i. Àmù tó bá ti dúdú lára, tí ewé tútù ti ń hù nídìí rẹ̀, òun ni wọ́n ń fi omi rẹ̀ ṣe àlejò pàtàkì. Bí ìyá kan bá kú, aṣọ rẹ̀ kọ́ ni àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ máa ń jà sí, àmù rẹ̀ ni. Wọ́n a sì máa sọ pé àmù tí ó ti mọ omi ilé, èèwọ̀ ni láti fi iná kàn án.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìyá amọ̀kòkò gbé agbọ̀n rẹ̀, ó wá sílé Bàbá Ẹniìtàn láti kó amọ̀. Ó bá ọkùnrin náà níwájú ajere rẹ̀. Amọ̀ inú rẹ̀ ti dúdú, ó ń dán. Omi tó ń ti ibẹ̀ jáde tutù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

“Ẹ máa lọ o, ìyá,” ọkùnrin náà wí. “Ẹ fi amọ̀ wa sílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ omi wa ni.”

“Bàbá Ẹniìtàn, tíṣà ní ká kó o.”

“Tíṣà mọ̀wé, mo gbà. Ṣé ó mọ àmù jù wá lọ ni? Ẹ tọ́ ọ wò.”

Ìyá amọ̀kòkò tọ́ ọ wò. Omi náà dùn lóòótọ́. Òun náà, abẹ́ àmù ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbé agbọ̀n òfìfo rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí ará abúlé rí i pé oníkànga kò kó tirẹ̀, àwọn náà kò kó tiwọn. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọyẹ́ dé. Orí tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn kan. Wọ́n ní ọyẹ́ ni.

Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ wá láti ìlú pé Ẹniìtàn ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ. Ọmọ náà ti ń rákò, eyín ti yọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti ń mu omi. Ọkọ Ẹniìtàn ti gbà, ṣùgbọ́n ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ọmọ má fẹnu kan omi abúlé títí tíṣà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bàbá Ẹniìtàn kò sùn dáadáa mọ́ fún ìdùnnú. Ó gbálẹ̀, ó tún gbálẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dé. Ìgbà yẹn ni èrò kan sọ sí ọkùnrin náà lọ́kàn, inú rẹ̀ sì dùn sí èrò náà gidigidi. Ó ní fún ọmọ yìí, òun kò tiẹ̀ ní fi omi kànga bẹ̀rẹ̀. Omi òjò ni òun máa gbè. Ó fọ bàsíà, ó gbé e síbi tí òjò ti ń rọ̀ ní gbangba, kó má baà jẹ́ omi orí páànù. Ó wá mú lára omi òjò náà, ó dà á sínú ajere, kó lè mọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú gbogbo ayé, ta ló tún lè ní omi tó mọ́ ju ìyẹn lọ? Ó bu omi náà sínú abọ́ funfun, ó dé e, ó sì ń dúró.

Ẹniìtàn dé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Kí ó tó sọ ẹrù kalẹ̀, bàbá rẹ̀ ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e lé itan, ó ṣí abọ́ náà, ó bu omi sínú ife kékeré, ó sì nà án sí ẹnu ọmọ.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́,” Ẹniìtàn wí, ó sì fi ọwọ́ bo ife náà. “Ẹ jẹ́ kí tíṣà kọ́kọ́ wò ó. Mo ti ṣèlérí fún ọkọ mi.”

“Omi òjò ni, Ẹniìtàn! Omi tó ti òkè bọ̀! Mo sì tún jẹ́ kó gba inú amọ̀ kọjá.”

“Mo gbọ́, bàbá mi. Ẹ ṣáà jẹ́ kó wò ó.”

Ó dùn ún wọra. Ó gbé ife sílẹ̀. Kò bá ọmọ rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n ó dìde, ó lọ jókòó sí etí kànga títí oòrùn fi wọ̀. Omi tí Ẹniìtàn rù wá láti ìlú ni ọmọ náà ń mu.

Tíṣà wá. Ó bu omi kànga sínú ìgò kan, ó bu omi òjò tó ṣẹ́kù nínú bàsíà sínú òmíràn, ó sì bu èyí tó wà nínú abọ́ funfun sínú ẹ̀kẹta. Nígbà tó padà dé, ọkọ Ẹniìtàn bá a wá. Àwọn ará abúlé ti gbọ́, wọ́n pé sí àgbàlá. Ìyá amọ̀kòkò náà wà níbẹ̀.

“Omi kànga ṣì wà bó ṣe wà,” tíṣà wí. “Omi òjò inú bàsíà mọ́ tónítóní.” Ó kọjú sí oníkànga. “Bàbá, èyí tó wà nínú abọ́ funfun ni oró wà nínú rẹ̀.”

“Èyí tó wà nínú abọ́? Omi òjò kan náà ni! Ibo ni oró ti rí òjò?”

“Kì í ṣe lọ́dọ̀ òjò, bàbá. Inú amọ̀ ni. Amọ̀ yín ti kún tipẹ́tipẹ́. Omi tó mọ́ gba inú rẹ̀ kọjá, amọ̀ náà sì tú lára ohun tó ti kó jọ sínú omi.”

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, èyí tó fi di ife mú. Ẹ̀rù bà á. Ojú tì í. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. “Ọwọ́ mi yìí,” ó wí. “Ọwọ́ mi yìí ni mo fẹ́ fi fún un.” Ó sì sunkún lójú gbogbo èèyàn, àgbàlagbà bí irú rẹ̀.

Ẹniìtàn wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ọmọ.

Nígbà tí ọkùnrin náà rí i pé wọ́n ń palẹ̀ mọ́, ó dìde, ó gbá ajere náà mú, ó fẹ́ là á mọ́lẹ̀. Ó ní amọ̀ náà ti bàjẹ́, ó ti da òun. Ìyá amọ̀kòkò di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Kò bàjẹ́, Bàbá Ẹniìtàn. Kò dà yín. Iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀ ẹ́ ló ṣe. Ó kún ni. Ohun tó ń fẹ́ ni iná, àwa la fi dù ú. Èmi pẹ̀lú yín ni. Mo mọ ohun tí tíṣà wí, mo sì gbé agbọ̀n mi lọ.”

Ọkùnrin náà tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọjú sí àwọn èèyàn, ó ní, “Èmi ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má fi iná kàn án. Ẹ lọ kó tiyín wá.” Ó rọ amọ̀ inú ajere sínú agbọ̀n, ó gbé agbọ̀n náà rù, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lórí rẹ̀. Ibi iná náà jìnnà sí ilé. Tíṣà ló ti ní kí wọ́n mọ ọ́n síbẹ̀, kí wọ́n fi ògiri amọ̀ yí i ká, kí wọ́n sì gbé ihò èéfín rẹ̀ lọ sókè, kí iná lè gbóná tó láti jẹ oró náà run, kí ẹnikẹ́ni má baà fà á símú. Bàbá Ẹniìtàn fúnra rẹ̀ ló ń koná. Ọkọ Ẹniìtàn dúró, ó ń wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ ẹ̀wù, ó mú àáké, ó bẹ̀rẹ̀ sí í la igi fún àna rẹ̀. Ẹniìtàn ti ojú fèrèsé rí ọkọ rẹ̀, ó sì tú ẹrù tó dì.

Nígbà tí iná kú, tí amọ̀ tutù, wọ́n kó o jáde. Ìyá amọ̀kòkò fi ọwọ́ ta á, ó dún ko. Wọ́n dá a padà sínú ajere, wọ́n da omi kànga sí i, omi kànga gan-an, kì í ṣe ti òjò. Tíṣà bu èyí tó jáde, ó gbé e lọ. Wọ́n dúró dè é. Ìdúró yẹn gùn fún ọkùnrin náà ju oyún Ẹniìtàn lọ. Nígbà tí tíṣà padà, láti ọ̀nà jíjìn ló ti ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ Ẹniìtàn ló kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀. Ó mu ún tán, ó nu ẹnu, ó bu òmíràn, ó sì gbé e fún àna rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, “Bàbá, ẹ fún ọmọ yín lómi.” Ọkùnrin náà gbé ife sí ẹnu ọmọ. Ọmọ gbá a mú, ó mu ún, omi wọ̀ ọ́ nímú, ó sín, ó ké, ó sì tún na ọwọ́ pé kí wọ́n fún òun sí i. Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín.

Oògùn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ títí dòní. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó máa tán. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí òjò bá ń bọ̀ tàbí tó bá ń lọ, Bàbá Ẹniìtàn lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń rí tó gbé agbọ̀n amọ̀ rù, ọmọ ọmọ rẹ̀ a sì máa sáré tẹ̀ lé e.

Ìwọ tó jókòó níwájú mi yìí, ìwọ ni mo pa àkàwé yìí fún. Èmi kò pa á fún ẹlòmíràn.

Onísùúrù ni gbogbo ẹbí ń pè ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ gba ilẹ̀ tí baba yín pín fún ọ, o ní kò burú. Ó sọ̀rọ̀ sí ọ láàárín àwọn àna rẹ, o rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ẹ wo ọkàn rẹ̀ bó ṣe tutù,” ìwọ náà sì gbà gbọ́ pé bó bá ṣe ń pẹ́ sí i nínú rẹ ni yóò máa tutù sí i. Bí wọ́n ní kó o jẹ́ kí àwọn àgbà dá sí i, o ní o ti gbé e mì.

Ìyàwó rẹ ló wá bá mi lánàá. Kò wá fi ọ́ sùn. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ní òun kàn béèrè pé ṣé kí òun gbé oúnjẹ wá ni, o sì jágbe mọ́ òun débi pé ọmọ yín sá lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Sọ fún mi, kí ló wà nínú ìbéèrè yẹn? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Omi òjò ni. Inú rẹ ló gbà kọjá.

Èmi kò bá ọ wí pé o ní sùúrù. Sùúrù dára, òun ló gba ilé yín sílẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n sùúrù kò pa ọ̀rọ̀ náà, ó kàn dì í mú ni, ọwọ́ rẹ sì ti kún. Má sọ pé o ti bàjẹ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ. Mú àgbà kan dání, dọ̀bálẹ̀ fún un bó ṣe yẹ, kí o sì sọ ohun tó dùn ọ́ fún un lójú ara rẹ̀, láìyọ nǹkan kan kúrò. Á gbóná. Má torí ìyẹn sá. Ó lè máà dá ilẹ̀ náà padà. Èmi kò ṣèlérí ìyẹn fún ọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wàá padà wálé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, ọwọ́ tó lè gbé ọmọ. Bó bá sì tún ṣẹ̀ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, tún lọ.

Ṣùgbọ́n kí o tó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, kọ́kọ́ gba ilé kọjá. Pe ọmọ yẹn jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà kí o wá dá ìyàwó rẹ lóhùn, torí kò tíì mọ̀ títí di ìsinsìnyí bóyá wàá jẹun.